Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́: Ta Ni Kó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn Án?

Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àtúnṣe ọkọ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé orí tábìlì wa lóṣù yìí lórí irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, tí ẹni tó ni ín kò sì fẹ́ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn, a kó wọn pọ̀ sójú kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ la fi àyè sílẹ̀ fún jù, torí pé ìbéèrè inú rẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Nígbà tí bàbá mi papòdà, Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó iṣu àti kaṣú wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti wà fún ọdún mẹ́sàn-án. Mẹkáníìkì ti bá wa tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo wá pe panẹ́bítà, pẹ́ńtà àti rìwáyà tó ń tún waya iná ọkọ̀ ṣe láti wò ó, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Pẹ́ńtà ní kí n kó owó ọ̀dà sílẹ̀ báyìí kí ọjà tó gbówó lórí. Panẹ́bítà ní ibi tó ti jẹrà kò lè gba òun ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Rìwáyà ní bí wọ́n bá kun ọkọ̀ náà kí òun tó dé ibẹ̀, kí n má bínú bí òun bá lu ihò sí i lára. Ta ni kí n kọ́kọ́ fún lówó?
Àkọ́bí Bàbá, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Àkọ́bí Bàbá, ẹ kú ìdárò. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ pè, rìwáyà ló sọ òótọ́ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbowó. Ọ̀dà tí a bá rà kalẹ̀ lónìí fún iṣẹ́ irin tó lè gba oṣù mẹ́fà lè ti bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, pàápàá hádínà rẹ̀, ìyẹn oògùn tí a ń po mọ́ ọ̀dà kó lè le, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń bà jẹ́ bí a bá ti ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti panẹ́bítà tó dá ọ̀sẹ̀ kan, mo fẹ́ kí ẹ bi í bóyá ó ti gbé àga àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ìpẹtà dé nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì ṣì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí pé ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1979 ni ti píkọ́ọ̀pù sì tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1975, ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná rẹ̀ fi ṣì ṣeé rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ kò jókòó lórí ṣáásì gígùn bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀, ló gbé yàrá awakọ̀ ró, bí ó ṣe rí nínú 504 tí a fi ń gbé èèyàn. Nítorí náà, ilẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ yín máa ń wà àti irin tó gùn lábẹ́ ilẹ̀kùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn gan-an ni eegun ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá jẹrà, tí ẹnìkan sì fi bọ́dìfílà, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tí a ń rẹ́ mọ́ irin kó tó le, dí wọn, kò sí ọ̀dà tí yóò mú kí ọkọ̀ náà ru ẹrù iṣu láìsí ewu.

Igi máńgòrò yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí. Ewé tó bá ń já bọ́ sí abẹ́ gíláàsì iwájú máa ń wọ inú ihò tí omi òjò yẹ kí ó gbà jáde, yóò jẹrà níbẹ̀, yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú tó ń mu omi bíi kànìnkànìn. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹ fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ náà jáde, ẹ bu omi sí ibẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí omi náà yóò ti yọ. Bó bá yọ sórí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó, ẹ ti rí iṣẹ́ panẹ́bítà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú sìkúrúdíráfà tó mú lẹ́nu, kí ẹ máa fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yàrá awakọ̀ àti orí táyà ẹ̀yìn. Irin tó ṣì yè máa ń dún gbọnyingbọnyin; èyí tó ti kú máa ń dún bíi páálí, sìkúrúdíráfà a sì wọlé. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, kí ẹ fi ra ara ọkọ̀ náà jákèjádò. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, bọ́dìfílà ni panẹ́bítà ìgbà àtijọ́ fi pamọ́ síbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ náwó lé lórí kò ju ìwé àkọsílẹ̀ kan àti téépù oníwèé lọ. Kí a tó tú nǹkan kan, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti apá méjì. Gbogbo ẹnu waya tí a bá fà yọ ni kí ẹ lẹ téépù mọ́, kí ẹ kọ nọ́ḿbà sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí nọ́ḿbà náà ń ṣe sínú ìwé. Bóòtù ilẹ̀kùn ọ̀tún kò gbọdọ̀ bá ti òsì wà nínú ọ̀rá kan náà. Àwọn oníṣẹ́ yóò fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ ń kọ̀wé bí akọ̀wé kóòtù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ètò tí mo fara mọ́ rèé. Ẹ tú ọkọ̀ náà débi pé apá ìkẹ́rù yóò kúrò lẹ́yìn yàrá awakọ̀, torí pé àárín àwọn méjèèjì ni ìpẹtà máa ń fi ṣe ilé, kò sì sí ìbọn ọ̀dà tó lè dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ṣì wà pa pọ̀. Gbogbo waya ni kí ó jáde. Kì í ṣe kí a kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé iná tí a fi ń jó irin kò mọ ojú waya. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí epo kankan nínú rẹ̀, torí pé atẹ́gùn epo tó kù sínú táǹkì òfìfo lè bú gbàù ju táǹkì tó kún lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní láti jó irin lẹ́yìn tí a ti to ọkọ̀ náà padà, kí ó tú okùn bátìrì àti ti ọtanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sínú bátìrì, kó tó tan iná.

Lẹ́yìn náà ni panẹ́bítà yóò wọlé. Ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gba iye owó tó dá. Èkíní ni pé irin tó ti jẹrà ni kí ó gé títí yóò fi dé ibi tí irin gbé ń tàn, kí ó má jó tuntun mọ́ èyí tó ti jẹrà. Èkejì, kí ó má fi páànù òrùlé lẹ̀ ẹ́. Síǹkì tó wà lára páànù yẹn máa ń rú èéfín funfun tó ń fa ibà fún ẹni tó ń jó o, ojú ibi tí a jó kì í sì í mú dáadáa. Irin pẹlẹbẹ tí kò ní síǹkì, tó nípọn bíi mìlímítà 0.8, ló tọ́ sí ara ọkọ̀, kí ti ilẹ̀ sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ iná. Iná gáàsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò máa ń gbóná kọjá ojú ibi tí a ń jó, irin fẹ́lẹ́ a sì ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń lo wẹ́ẹ̀dì CO2, ẹ̀rọ oníná tó ń fi gáàsì CO2 bo ojú ibi tí a ń jó, ẹ san iye tó bá fi lé e. Ẹni yòówù kó jẹ́, kí ó máa jó o ní ẹyọ ẹyọ, kí ó jó ibí, kí ó bọ́ sí ọ̀hún, kí irin lè máa tutù. Kí ó má fà á lọ gbọọrọ bí ẹni ń rán aṣọ.

Bọ́dìfílà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi dí ihò, tàbí kí ó nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ó máa ń fa omi mu, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi í sílẹ̀ láìfi práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń kùn, bò ó di ọjọ́ kejì ní àkókò òjò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ló kàn báyìí, èmi náà sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Nígbà tí panẹ́bítà bá parí, tí práímà ti wà lára ọkọ̀, pẹ́ńtà kọ́ ló kàn. Ẹ to ọkọ̀ náà padà lẹ́ẹ̀kan, bí télọ̀ ṣe máa ń fi aṣọ wọ̀ wá wò kó tó rán an pa. Ẹ so ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, bọ́ḿpà àti apá ìkẹ́rù mọ́ ọn, kí ẹ wo àlàfo àárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ bóyá ó dọ́gba. Ọjọ́ yẹn ni kí rìwáyà yín wá. Kí ó tẹ́ waya rẹ̀ sílẹ̀ láti bátìrì dé iná ẹ̀yìn, kí ó mú ibi tí àpótí fíúùsì yóò wà, ibi tí waya yóò gbà kọjá lára irin, àti ibi tí áàtì, ìyẹn waya tí iná ń gbà padà sí bátìrì, yóò ti gba ara ọkọ̀ mú. Gbogbo ihò tí yóò lù láyé ni kí ó lù lọ́jọ́ náà. Bí rédíò bá máa wọlé lọ́jọ́ iwájú, tàbí iná tí ẹ ó fi máa rí ẹrù lóru, kí ó lu ihò tiwọn náà sílẹ̀. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú gbogbo rẹ̀ padà, kí pẹ́ńtà kun ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀dà lè wọ etí ihò kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ pé mo ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Píkọ́ọ̀pù kan tí mo tún ṣe nígbà èwe mi, mo jẹ́ kí wọ́n kùn ún tán kí rìwáyà tó dé, torí pé ojú ń kán mi láti rí àwọ̀ rẹ̀. Rìwáyà náà lu ihò mẹ́rin sí ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Irin ìluhò yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa ọ̀dà tuntun ya. Kí òjò ọdún náà tó dá, òrùka ìpẹtà ti yí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Rìwáyà náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo pè é lẹ́yìn àsìkò.

Ní ti owó, panẹ́bítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, kí ó sì jẹ́ díẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Bí owó tí ẹ ní bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́wàá, èmi yóò ya márùn-ún sọ́tọ̀ fún irin, mẹ́ta fún ọ̀dà àti gbogbo ohun tó ń wà lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀kan fún waya, kí ọ̀kan tó kù wà fún ohun tí ojú kò tíì rí, torí pé kò sí bí kò ṣe ní yọjú. Bí owó irin bá fẹ́ wọnú owó ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó wà nínú práímà lábẹ́ ilé fún ọdún kan kò tíì kú.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Epo pupa ni mo ń tà, 504 píkọ́ọ̀pù ni mo sì fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì láti oko wá sí ọjà. Wọ́n ti tún irin rẹ̀ ṣe tán. Funfun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ó di aláwọ̀ ewé. Pẹ́ńtà ní irú ọ̀dà méjì ló wà, ọ̀kan wọ́n gan-an ju ìkejì lọ, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Elépo, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú òwò o, ọjà á máa tà.

Irú ọ̀dà méjì náà yàtọ̀ sí ara wọn gan-an. Èyí tó dínwó, tí wọ́n ń pè ní sẹlulóòsì, kò ṣe ju kí tínà, ìyẹn omi tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, fẹ́ lọ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Bó bá gbẹ tán náà, tínà tàbí pẹtiróòlù tó bá kàn án ṣì lè mú un rọ̀. Èyí tó wọ́n ni wọ́n ń po hádínà mọ́. Nǹkan méjèèjì máa ń di ara wọn mú, kì í sì í yọ́ padà mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń bá yín gbẹ́rù máa ń rẹ aṣọ sínú pẹtiróòlù láti fi nu epo tó dà sára ọkọ̀. Bí ọ̀dà yín bá jẹ́ sẹlulóòsì, ara aṣọ yẹn ni yóò máa bá a lọ. Nítorí irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ yín ń ṣe, olóhádínà ni mo mú fún yín.

Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti bá pẹ́ńtà yín sọ. Hádínà yìí ní oògùn kan nínú tó lè sọ ẹni tó ń fín in di onísèémí títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Áńkáṣíìfù tí wọ́n so mọ́ imú kì í dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìbomú eruku kò lè dá a dúró. Ìbomú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù wá láti ibòmíràn nípasẹ̀ rọ́bà ni wọ́n ṣe fún un. Bí kò bá ní irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi sẹlulóòsì kun ọkọ̀ yín, kí ẹ sì máa fi omi ọṣẹ nu epo kúrò. Mi ò lè gbà yín níyànjú pé kí ọmọ ọlọ́mọ fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kun ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dára. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń di omi sójú ọ̀dà tí tínà rẹ̀ ń yára fẹ́ lọ. Sẹlulóòsì a sì hó funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Omi tún máa ń wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, a sì bá ọ̀dà jáde ní kíkán kíkán bí pẹ́ńtà kò bá ń tú u dànù láràárọ̀. Bí ẹ bá sì dúró di ìgbà ọyẹ́, eruku ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Àkókò tí mo fẹ́ràn ní agbègbè yín ni ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí àárín oṣù Bélú, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì gbérí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí wọ́n sì wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ yín kò gbọdọ̀ dúró sínú òjò pẹ̀lú práímà nìkan lára, torí pé práímà kì í dá omi dúró. Ó ń gbà á wọlé. Ẹ wá abẹ́ ilé fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá kù. Màmá, funfun ni èmi ì bá fi í sí. Kí ọkọ̀ funfun tó di aláwọ̀ ewé, wọ́n ní láti kun inú ilẹ̀kùn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn àga. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbàkigbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ni funfun àtijọ́ yóò máa yọjú bí yẹ̀rì tó gùn ju ìró lọ. Fún ìta nìkan, gálọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ lítà 4 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Bí a bá fi inú kún un, kò lè tó. Yàtọ̀ sí èyí, funfun kì í mú oòrùn, ojú ibi tí nǹkan bá ha á sì rọrùn láti tún ṣe láìfarahàn. Bí ọkàn yín kò bá ṣáà kúrò lára àwọ̀ ewé, ẹ ranti pé àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀ láti yí i padà, kí ọlọ́pàá má bàa sọ yín di olè ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko.

Ẹ má fi ọ̀dà dídán ṣòfò sínú apá ìkẹ́rù. Kẹ́ẹ̀gì yóò ha á kúrò láàárín oṣù kan. Práímà tó nípọn dáadáa, ọ̀dà dúdú tó le lórí rẹ̀, àti pákó tí a tẹ́ sí i tó ṣeé gbé kúrò fún fífọ̀, ti tó. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ọ̀dà dí àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báṣé ni àwa ń pe ọkọ̀ yìí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, nítorí tapólì tí wọ́n máa ń fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun tèmi tán, ó dára lójú gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni iná rẹ̀ ti ń ya wèrè. Iná iwájú ń ṣe bíi fìtílà. Bí mo bá tẹ bíréèkì, tráfíkétà á máa ṣẹ́jú. Rìwáyà ní kí n ra ìdì waya tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú, kí òun fi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n gbà?
Awakọ̀ Báṣé, Kétu, Benin

ÌDÁHÙN

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀dà tuntun yẹn gan-an ni mo fura sí. Iná tó jáde láti bátìrì máa ń gba ara irin ọkọ̀ padà sílé, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí wọ́n bá kun ibi tí áàtì ti gba irin mú, iná bíréèkì tí kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà padà yóò lọ gba inú gílóòbù tráfíkétà, ìdí nìyí tí ó fi ń ṣẹ́jú. Tú bóòtù áàtì kọ̀ọ̀kan, ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi tàn níwọ̀n bí owó ẹyọ, dè é padà le dáadáa pẹ̀lú wọ́ṣà eléyín, kí o sì fi faselíìnì bò ó kí ìpẹtà má bàa mú un. Fa waya áàtì kan lọ́tọ̀ láti iná ẹ̀yìn wá sí ṣáásì, torí pé bóòtù apá ìkẹ́rù kò ṣeé fọkàn tán fún iṣẹ́ yìí.

Iná iwájú lè ní àrùn mìíràn pẹ̀lú áàtì. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, tan iná, kí o fi mítà wọn bátìrì. Ó yẹ kí o rí fọ́ọ̀tì 13.8 sí 14.4. Wá wọn ẹ̀yìn gílóòbù. Bí ó bá fi ju ààbọ̀ fọ́ọ̀tì lọ kéré sí ti bátìrì, ojú ọ̀nà ni iná ti ń ṣòfò. Gílóòbù méjì tó jẹ́ wáàtì 55 máa ń fa ju áńpíà 9 lọ, nínú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, inú súìṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárìn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Rìléè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, ni òògùn rẹ̀. Jẹ́ kí waya tó nípọn mìlímítà onígun mẹ́rin 2.5 wá tààrà láti bátìrì, kí ó gba fíúùsì kọjá sí ojú tí wọ́n kọ 30 sí lára rìléè, kí ojú 87 máa lọ sí gílóòbù. Kí súìṣì àtijọ́ máa fún ojú 86 níná díẹ̀, kí 85 lọ sí áàtì. Rìléè kan fún iná gígùn, òmíràn fún iná kúkúrú. Fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní fíúùsì áńpíà 10 tirẹ̀, kí ọ̀nà má bàa ṣókùnkùn biribiri bí ẹyọ kan bá jó lóru.

Ní ti waya àlòkù, mi ò gbà. Ooru ẹ́ńjìnnì ti mú rọ́bà rẹ̀ le, bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a ń tò ó, yóò là. Gé orí ọ̀kan wò: bí bàbà inú rẹ̀ bá ti dúdú, kò wúlò mọ́. Nígbà tí o bá ń ra tuntun, fi ọ̀bẹ ha bàbà rẹ̀ díẹ̀, torí pé àwọn kan ń ta alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Funfun ni yóò yọ. Bí rọ́bà waya tó wà lára ọkọ̀ rẹ bá ṣì ń rọ̀, tí bàbà rẹ̀ sì ń tàn, kò yẹ kí o pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Pààrọ̀ ti iná iwájú àti èyí tó lọ sẹ́yìn, kí o fi ìyókù sílẹ̀.

Má jẹ́ kí ó lọ́ waya méjì pọ̀ kí ó sì fi téépù dì í. Ooru yóò yọ́ gọ́ọ̀mù téépù náà, gbígbọ̀n ọ̀nà yóò sì tú u. Ẹnu bàbà tí a ń fún mọ́ orí waya ni kí ó lò. Ibikíbi tí waya bá ti gba ihò irin kọjá, kí rọ́bà olójú wà níbẹ̀, kí èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ gba inú páìpù, kí ó sì jìnnà sí sàléńsà.

Nígbà tí ó bá parí, má ṣe jẹ́ kí ó so bátìrì mọ́ ọn tààrà. Pa gbogbo iná ọkọ̀, má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí o wá fi gílóòbù bíréèkì kan, èyí tó jẹ́ wáàtì 21, sáàárín orí òdì bátìrì àti okùn rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá ṣókùnkùn, so okùn náà pa. Bí ó bá tàn yòò, waya kan ti kan irin níbìkan. Máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú, ojú fíúùsì tí ó bá kú sí ni kí rìwáyà ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Bí o bá sì yọ gbogbo fíúùsì tán tí ó ṣì ń tàn, kí ó lọ wo waya tí kò gba fíúùsì kọjá, ìyẹn ti ọtanétọ̀ àti ti sítátà.